Ṣé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún ti di kèfèrí?

Ìbéèrè: Àsàláámù aleekun, ààfáà wa. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn gbé ìwé wá sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, pé ká bẹ gómìnà kí wọ́n má yẹgi fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kóòtù ní ó pààyàn. Mo fọwọ́ sí i. Ààfáà kan wá ṣe wáàsí pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú Ìsìláàmù, yìgì rẹ̀ sì ti tú. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí mọ́.

Ìdáhùn: Wa aleekun sàláàmù. Arábìnrin mi, ẹ sùn. Yìgì yín ò tú, ẹ̀sìn yín ò bàjẹ́.

Inú ń bí mi sí wáàsí yẹn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ẹni tó bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló máa ru ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣé ààfáà yẹn rántí èyí kó tó gun mínńbárì?

Hádíìsì tí wọ́n ń dì mú ni ti Usama, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, tó lọ ṣìpẹ̀ fún obìnrin kan láti ìdílé Makhzum tó jalè, tí Ànábì sì bínú sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n háádì, ìyà tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ là kalẹ̀, ni ti olè jíjà: ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun ni, bó bá ti dé iwájú adájọ́, ẹ̀bẹ̀ ti tán. Kísáàsì, ìyẹn ẹ̀san ẹ̀mí fún ẹ̀mí, ni ti ìpànìyàn, àwọn ẹbí òkú ló sì ni ín. Ẹ ka Súúrà Bákárà, áyà 178: Ọlọ́hun ní bí "arákùnrin" apànìyàn bá mójú kúrò fún un, kí wọ́n fi dáadáa bá ara wọn lò lórí owó ẹ̀mí. Arákùnrin! Ẹni tó pààyàn ni Ọlọ́hun ṣì ń pè ní arákùnrin ẹbí òkú. Anas, sàhábà Ànábì, sọ pé òun ò rí ẹjọ́ kísáàsì kan tó dé ọ̀dọ̀ Ànábì rí, àfi kó ní kí wọ́n dárí jì í. Ẹ̀bẹ̀ tí Ànábì fúnra rẹ̀ ń bẹ̀, ṣé òun ló wá sọ yín di kèfèrí?

Mázháb Málíkì tiwa, ìyẹn ọ̀nà òfin Ìsìláàmù tí à ń tẹ̀ lé, ò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Bí ẹbí bá dárí ji apànìyàn, wọn á nà án ní 100 ẹgba, á sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló tan èèyàn lọ sí kọ̀rọ̀ kó lè pa á gba owó rẹ̀, ìdáríjì ẹbí ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ béèrè irú èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe. Ẹ tún béèrè bó ṣe jẹ́wọ́, nítorí ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gbà lẹ́nu èèyàn, Ìmáàmù Málíkì ò kà á sí.

Ẹ rántí Amina Lawal ní Katsina, obìnrin tí kóòtù Sàríà ní kí wọ́n sọ ní òkúta pa nítorí àgbèrè. Ìjọba òkèèrè àti oríṣiríṣi èèyàn ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má pa á, òmíràn nínú wọn sì kún fún irọ́ àti èébú sí Ìsìláàmù. Ní 2003, ẹgbẹ́ BAOBAB, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáwọ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn dúró, torí ó lè kó bá ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà. Ní 25 Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, kóòtù ẹ̀bẹ̀ Sàríà dá a sílẹ̀, adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún. Wọ́n ní ó lè kó ìjẹ́wọ́ rẹ̀ jẹ, àti pé adájọ́ kan ṣoṣo ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ tó yẹ kí mẹ́ta gbọ́. Òfin Ọlọ́hun gan-an ló yọ ọ́.

Ibi tí mo ti yà kúrò lára àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ nìyí: bí ìwé wọn bá sọ pé ìwà ẹranko ni kísáàsì, ẹ má fọwọ́ sí i, torí Ọlọ́hun ní ìṣẹ̀mí wà fún yín nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbàgbé ìyá ẹni tó kú. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ láìkà á, ẹ tọrọ àforíjìn, kó tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lásán ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú èèyàn méjì dání, ẹ lọ kí ìyá òkú nílé rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó tún bẹ gómìnà.