Ohun Mímu Èso Tó Ń Hó: Ẹ̀tọ́ Ni àbí Èèwọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aleekum, Àáfà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Mo máa ń po ohun mímu kan nílé fún àlejò, mo sì máa ń gbé e kalẹ̀ fún ìṣínu nígbà ààwẹ̀. Màá fún ọsàn, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó pọ̀, màá gé èso àjàrà wẹ́wẹ́ sí i, màá fi oyin díẹ̀ sí i, màá wá da omi oní-gáàsì lé e lórí kó lè máa hó. Àbúrò ọkọ mi ní èèwọ̀ ni. Ó ní Ànábì ní kí wọ́n da ohun mímu tó ń hó nù, Ànábì tún kọ̀ kí wọ́n po oríṣi èso méjì pọ̀, àti pé kọ́kítéèlì tí mo ń pè é, orúkọ ọtí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣé mo lè tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù sínú fíríìjì? Mo sì tún rí àwọn tó ń kán bítà, èròjà olómi kíkorò, sí tiwọn, àwọn mìíràn ń fi wáìnì tí wọ́n kọ "kò ní ọtí" sí lára rọ́pò omi oní-gáàsì.

ÌDÁHÙN: Waaleekumu sàláámù, arábìnrin mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ohun mímu tí ẹ ṣàlàyé yìí, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ máa mu ún, kí ẹ sì máa fi ṣe àlejò. Àmọ́ ẹ má bínú sí àbúrò ọkọ yín, kò parọ́ mọ́ Ànábì. Hádíìsì méjèèjì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí wọ́n gbà wá, tó tọ́ka sí wà lóòótọ́. Ibi tó lò wọ́n sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ti híhó ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Abu Hurayra, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló gba hádíìsì náà wá, ó sì wà nínú ìwé àwọn tó kó hádíìsì jọ: Abu Dawud, An-Nasai àti Ibn Majah. Ó mọ̀ pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń gba ààwẹ̀, ó wá ṣe nàbíìsì sínú agbè dè é fún ìṣínu. Nàbíìsì yìí, omi tí wọ́n rẹ dàbínù tàbí èso àjàrà gbígbẹ sí ni, títí adùn rẹ̀ yóò fi jáde. Nígbà tó gbé e dé iwájú Ànábì, ó ti ń hó. Ànábì ní kó lọ dà á mọ́ ògiri, pé ohun mímu ẹni tí kò gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ ni.

Kí ló mú un hó? Kò sẹ́ni tó da gáàsì kankan sí i. Ìwúkàrà tí ojú kì í rí, tó máa ń wà lára èèpo èso, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà inú omi náà. Bó bá ti ń jẹ ṣúgà báyìí, nǹkan méjì ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà: gáàsì tó ń mú kó yọ ìfófó, àti ọtí. Híhó yẹn ni ẹlẹ́rìí pé nǹkan inú agbè ti ń di ọtí.

Omi oní-gáàsì inú ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lásán ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ti gáàsì wọ inú rẹ̀ tipátipá kí wọ́n tó dé e pa. Gáàsì ọ̀hún kò ju èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta lọ. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, ó ń wá ọ̀nà jáde, òun lẹ ń rí tó ń hó yẹn. Kò sí ṣúgà kankan tó di ọtí níbẹ̀. Ẹ sì wò ó, Joseph Priestley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí ọgbọ́n yìí ní 1767, òkè àgbá bíà nílé ìpọntí kan ní Leeds ló gbé abọ́ omi kọ́ sí tí gáàsì fi wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbọ́ èyí, yóò pariwo pé "ẹ ò rí i!" Gáàsì ló wọ inú omi, bíà kọ́, gáàsì yẹn kì í sì í pani bí ọtí.

Pípani bí ọtí yìí ni òṣùwọ̀n. Ọlọ́hun ṣe ọtí léèwọ̀ nínú Súrà Al-Maida, áyà 90. Ànábì wá sọ, nínú hádíìsì Ibn Umar tó wà nínú ìwé Imáámù Muslim, akóhádíìsì-jọ mìíràn, pé gbogbo ohun tó bá ń pani, ọtí ni, gbogbo ọtí sì ni èèwọ̀. Jabir náà gbà á wá pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá mu odindi korobá nínú ohun mímu yín, inú rírun àti ìtọ̀ òru ni yóò fojú rẹ̀ rí, làákàyè rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà.

Ní ti pípo èso pọ̀, Abu Qatadah ló gbà á wá, Bukhari àti Muslim sì gbé e jáde, pé Ànábì kọ̀ kí wọ́n rẹ dàbínù gbígbẹ pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tàbí dàbínù pọ̀ mọ́ àjàrà gbígbẹ. Kí wọ́n rẹ oníkálùkù lọ́tọ̀. Imáámù An-Nawawi ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí méjì bá pàdé, ọtí máa ń tètè wọ̀ ọ́ kí adùn rẹ̀ tó yí padà, ẹni tó ń mu ún yóò rò pé kò ì tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ohun tí kò dára tó ni, wọn kò kà á sí èèwọ̀ pọ́ńbélé, àwọn kan nínú mádhábù Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn, sì ní èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n rírẹ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé lórí. Ohun tí ẹ fún tí ẹ sì mu lórí ìjókòó kan náà, ìwúkàrà kò ráyè ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi kà á mọ́ ọn.

Níbi àṣẹ́kù ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gidi. Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́, sọ pé àwọn máa ń rẹ nàbíìsì fún Ànábì láàárọ̀, á sì mu ún lálẹ́. Ibn Abbas ní ó máa ń mu ti àjàrà gbígbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́, lọ́jọ́ kejì, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Bó bá ṣẹ́kù, wọn yóò dà á nù. Inú ìwé Muslim ni méjèèjì wà. Kì í ṣe pé ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ ògiri tí ọtí kò lè fò o. Bí ooru bá mú, ó lè kan kó tó di ìgbà yẹn. Òtútù fíríìjì sì máa ń dá ìwúkàrà dúró díẹ̀. Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ má ṣe tọ́jú èyí tí ẹ ti po omi oní-gáàsì mọ́. Omi èso nìkan ni kí ẹ sẹ́, kí ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú òtútù. Bí àlejò bá dé, ẹ bù ú sínú ife, ẹ dẹ ife náà díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí omi oní-gáàsì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, gáàsì kò ní tètè sá. Yàtọ̀ sí pé ó dùn báyìí, ó ní àǹfààní nínú ẹ̀sìn: bí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀ ṣáájú, tó wá ń hó lọ́jọ́ kejì, ẹ kò ní mọ̀ bóyá gáàsì àná ni tàbí èyí tí èso pọn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi èso nìkan bá wú ìdérí sókè, tó dún "fìì" bí ẹ ṣe ṣí i, tó yọ ìfófó, tí òórùn rẹ̀ sì yí padà, ọ̀rọ̀ agbè Abu Hurayra nìyẹn. Ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò.

Bítà kò gba àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn onífàájì ń kán sí ohun mímu, ọtí inú rẹ̀ lágbára tó ìdá 40 nínú 100, kò sì tọ́ kí Mùsùlùmí fọwọ́ ara rẹ̀ kán ọtí sínú ife, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan. Èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tí ẹ bá fún pọ̀ sójú omi yóò fún yín ní ìkorò tí wọ́n ń wá. Wáìnì tí wọ́n ní kò ní ọtí, wáìnì gidi ni wọ́n sábà máa ń pọn kí wọ́n tó yọ ọtí rẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì gbà kó ṣẹ́ku tó ìlàjì ìdá kan nínú 100. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Èmi kò ní kí ẹ mu ún. Ànábì ní kí á fi ohun tó bá ń kọ wá lóminú sílẹ̀ lọ síbi èyí tí kò kọ wá lóminú. Ẹ̀yin sì ti ní omi oní-gáàsì lọ́wọ́.

Orúkọ kò le. Ànábì kìlọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ òun yóò mu ọtí, wọn yóò fún un lórúkọ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọtí kò sọ omi ọsàn di ọtí. Síbẹ̀, bí orúkọ náà bá ń dá yánpọnyánrin sílẹ̀ nínú ẹbí, ẹ pè é ní omi èso, kí àlàáfíà wà láàárín ẹ̀yin àti àbúrò ọkọ yín. Ife tó bá wù yín ni kí ẹ lò, Ànábì gba ohun èlò gbogbo láàyè lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ kọ àwọn kan; ẹ ṣáà má máa gbá ife mọ́ra wọn bí ọ̀mùtí.

Fún ìṣínu, dàbínù àti omi ni kó ṣáájú bí Ànábì ti ṣe é. Gáàsì lórí inú òfìfo máa ń wú ikùn, ẹ sì ṣì ní ìrun tàráwíhì níwájú. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.