Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Fífi Fóònù Ya Àwọn Ẹ̀dá Wẹ́wẹ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo rí nǹkan kan lórí ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa, mo ṣe bí ìgbẹ́ ẹyẹ ni, àṣé kòkòrò ni. Mo fẹ́ yà á, àmọ́ bí mo bá ti sún mọ́ ọn, ńṣe ni àwòrán ń di bàìbàì. Ṣé fóònù mi ni kò dáa? (Òǹkàwé, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Fóònù yín kò ṣẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn jù ni. Lára ọ̀pọ̀ fóònù, kámẹ́rà ńlá ẹ̀yìn kì í ríran kedere bí nǹkan bá sún mọ́ ọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ta ni wọ́n gbé ìwé lé nímú tó rí i kà? Ẹ fi gígùn fóònù yín ṣe òṣùwọ̀n: ó yẹ kí àyè tó gba fóònù kan ní ìdùbúlẹ̀ wà láàárín kámẹ́rà àti kòkòrò. Ẹ wá tẹ 2x (àmì tó ń fa àwòrán sún mọ́ni), kí ẹ yà á, kí ẹ gé etí àwòrán náà kúrò nígbà tó bá yá.

Bí fóònù yín bá ní kámẹ́rà kejì tí wọ́n kọ "Macro" sí, èyí tó wà fún yíya nǹkan wẹ́wẹ́ nítòsí, ẹ má gbójú lé e púpọ̀. Lára àwọn fóònù tí kò wọ́n, mẹ́gápísẹ́lì 2 péré ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà sàn jù ú lọ, àmọ́ ẹ ó sún mọ́ kòkòrò tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3, òjìji fóònù á sì fẹ́ bò ó. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ wọlé sí i.

Ẹ fi ìka tẹ kòkòrò náà lójú fóònù, ẹ má gbé ìka kúrò títí àmì àgádágodo tàbí "Lock" yóò fi yọ. Láti ìgbà yẹn, ẹ má tún ojú fóònù tẹ̀ mọ́. Ẹ fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, ẹ rọra fi ara sún síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi bọ́tìnnì ohùn yà á. Nínú mẹ́wàá, ẹ ó rí méjì tó mọ́.

Ó jọ pé ọmọ labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ìyeyè lára ni ẹ rí, èyí tó máa ń yé ẹyin sórí ewé ọsàn. Ẹ má fi ọjọ́ kan péré yà á. Nígbà tó bá dàgbà, ìrísí ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn á lọ, á di aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fi koríko kàn án lẹ́yìn orí, ìwo méjì á yọ jáde, òórùn rẹ̀ á sì ta yín nímú. Kì í pẹ́ tó fi ń fà á padà, nítorí náà kí fóònù ti wà nídùúró kí ẹlòmíràn tó fi koríko kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan tó. (Ẹni tó ni igi ọsàn lè má bá yín yọ̀ ṣá, ewé tuntun ni oúnjẹ rẹ̀.)

Ìbéèrè: Òdòdó ilá mi máa ń funfun báláú nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ìyeyè ni. Nígbà mìíràn, mo dé oko lọ́sàn-án, ó ti rọ. (Òǹkàwé, Ìkẹ́nnẹ́)

Ìdáhùn: Òwúrọ̀ ni ilá ń tanná, nígbà tí ọ̀sán bá fi pọ́n, ó ti ká, kò sì ní là mọ́. Láàárín aago 7 sí 9 ni kí ẹ débẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀, ẹ wá èyí tó ti wú, tí ìyeyè ń yọ ní ṣóńṣó rẹ̀, ẹ so òwú mọ́ ọn kí ẹ lè dá a mọ̀ láàárọ̀.

Ní ti fífunfun, ewé dúdú tó yí i ká ló tan fóònù jẹ, tó fi tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ òdòdó náà, àmì oòrùn á yọ, ẹ fà á wálẹ̀ títí ilà ara òdòdó yóò fi hàn. Kí àárín rẹ̀ tó pọ́n dúdú má bàa ṣókùnkùn, ẹ mú pépà funfun sísàlẹ̀ rẹ̀ kó máa ta ìmọ́lẹ̀ sí i. Bí atẹ́gùn bá ń fì í, ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀, ẹ fi pégì aṣọ há igi ilá mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ni ẹ ti jáde, ojú kámẹ́rà á kún fún ìkùukùu. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 níta. Ẹ má fi etí aṣọ nù ún, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku á ha á.

Ìbéèrè: Alángbá kì í dúró dè mí. Lékeléke náà kò ṣe é yà. (Òǹkàwé, Ṣakí)

Ìdáhùn: Kí oòrùn tó mú, ara alángbá ṣì wúwo, ẹ lè sún mọ́ ọn, àmọ́ kò ní pupa lórí. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ akọ rẹ̀, ẹ dúró di nǹkan bí aago 10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́, kí òjìji yín má ṣe kàn án. Lékeléke ní tirẹ̀ jìnnà sí fóònù. 10x kò ní ṣe é lóore. Ẹ yà á pẹ̀lú màlúù tó ń tẹ̀lé, kí ẹ fa àmì oòrùn wálẹ̀ bíi ti ilá.

Ìbéèrè: Àwòrán mi mọ́ lọ́wọ́ mi, ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí. (Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: WhatsApp ló ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi "Document". Bí orúkọ ẹ̀dá náà ni ẹ ń wá, ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn dá ẹ̀dá mọ̀. Bó bá jẹ́ ewéko, ẹ ya òkè ewé, ìsàlẹ̀ ewé, àti odindi igi, kí owó ẹyọ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó.