Ẹ Bi Wá Nípa Mọ́tò: Òjò, Atẹ́gùn àti Ooru Nínú Róódísítà Tẹ́ Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Tò

Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ti róódísítà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mọ́tò ẹlẹ́ni méjì tí ò lórùlé yẹn, èyí tí wọ́n á kó gbogbo pátì ẹ̀ wá nínú páálí tí onímọ́tò á wá jókòó tò ó fúnra ẹ̀. Àwọn kan to èyí tó jọ Lotus Seven tó jáde ní 1957, tí Caterham gbà lọ́wọ́ Lotus ní 1973 tí wọ́n ṣì ń ṣe é dòní, àwọn míì to èyí tó jọ AC Cobra ti 1962. Ẹjọ́ kan náà lẹ sì ń rò: mọ́tò rẹwà, àmọ́ òjò ń pa yín, òtútù ń mú yín, ẹsẹ̀ ń jó yín. Ẹ jẹ́ n ti sọ ọ́ kó má di ìjà tó bá yá, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè rà tó máa sọ ọ́ di mọ́tò sàlúùnù tó lórùlé irin. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí ibẹ̀ náà lomi ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra ìbòrí, aṣọ tí wọ́n ń nà sórí mọ́tò bí òrùlé, mo ra ìbò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, owó gidi ni o, síbẹ̀ tójò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ mi á rin gbingbin, nígbà míì itan náà. Orí mi nìkan ni ò rí nǹkan kan. Níbo lomi ń gbà? — Olómi-lẹ́sẹ̀

Tórí bá gbẹ tẹ́sẹ̀ wá ń rin, ìbòrí ò jẹ̀bi o. Ara pátákó irin tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹ́ńjìnnì lomi yẹn ń gbà. Ẹ rántí gbogbo ihò tẹ́ ẹ lu síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń tò ó, ihò wáyà, ihò páìpù hítà, ibi tí irin sítíárì gbà kọjá, bóyá ihò kan wà níbẹ̀ pàápàá tẹ́ ẹ lù tẹ́ ò wá lò mọ́. Táyà iwájú á ta omi sókè, ojú afẹ́fẹ́ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì á gba òjò sínú, gbogbo ẹ̀ á wá wá àwọn ihò yẹn kàn. Rọ́bà roboto tí wọ́n ń fi yí etí ihò ká ni kẹ́ ẹ fi síbi tí wáyà bá ti gbà, ẹ lè wá fi sílíkóònù dí àlàfo tó bá kù. Àwọn kan máa ń fún sílíkóònù nìkan sí i, ìyẹn ò da rárá, etí irin á máa ha wáyà títí tó fi máa là á, ọ̀rọ̀ á wá kúrò ní ti omi á di ti iná.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i ni pé kí ẹnì kan jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa fi họ́ọ̀sì da omi sí i níta, látìsàlẹ̀ lọ sókè. Látìsàlẹ̀ ni mo wí o, torí tẹ́ ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn kárí, ẹ ò ní mọ èwo lèwo mọ́. Ní ti itan, ẹ wo ìdí wáípà, ẹ wo rọ́bà tó wà lábẹ́ wínsíkírín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo igun tí ìbòrí, wínsíkírín àti ìbò ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, níbi tí mo ti máa kọ́kọ́ fura sí nìyẹn. Bí páànù òrùlé ni kó ṣe rí, èyí tó wà lókè ni kó gun èyí tó wà nísàlẹ̀ láti ìta, torí náà etí ìbòrí gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìbò ẹ̀gbẹ́ níta. Tó bá jẹ́ inú ló wà, ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe ọ̀nà fómi.

Kápẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pa. Bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ ni kẹ́ ẹ fi mú un kẹ́ ẹ lè ká a kúrò lọ sá, kẹ́ ẹ sì fi fóòmù tí kì í fa omi sábẹ́ ẹ̀ dípò àwọn tìmùtìmù tó ń mu omi tí ilẹ̀ mọ́tò á fi dípẹtà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ihò kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, tó ní ìdérí rọ́bà, dáa ju gbogbo nǹkan tí mo kà sílẹ̀ yìí lọ lọ́jọ́ tí òjò bá bá yín níbi tẹ́ ẹ ṣí mọ́tò sílẹ̀ sí.

Tí mo bá ti gbé ìbòrí sókè, èémí wa á bo gíláàsì iwájú, mi ò ní ríran mọ́. Ṣé hítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú iná sìgá lè ràn mí lọ́wọ́? — Aríran-dẹ̀ẹ̀

Kò lè ràn yín lọ́wọ́, ìṣirò ẹ̀ ò sì le. Ẹ mú èyí tó jẹ́ 150 wáàtì, ẹ fi 12 fóòtì (volt) tí bátìrì ń gbé jáde pín in, ó ń fa 12.5 ámpíà. Tí fíúsì ojú sìgá yín bá jẹ́ 10, ó ti jó nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní kò jó, 150 wáàtì lábẹ́ aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níbi gbogbo, kí ló fẹ́ mú gbóná? Hítà tó ń lo omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì lè fún yín ní ooru tó ju kílówáàtì kan dáadáa lọ, ooru tí rádíétọ̀ ìbá dà nù sójú ọ̀nà ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ rí i pé páìpù afẹ́fẹ́ ẹ̀ méjì lọ sí ìdí gíláàsì, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ sì fi fáàfù sójú ọ̀nà omi ẹ̀ kẹ́ ẹ lè tì í pa nígbà ooru, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sè yín nínú mọ́tò.

Gíláàsì tí wáyà tín-ín-rín wà nínú ẹ̀, tó ń gbóná fúnra ẹ̀, òun gan-an lọba, àmọ́ iná tó ń jẹ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní fíúsì tiẹ̀ àti relay tiẹ̀, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá. Kẹ́ ẹ tó náwó síyẹn ṣá, ẹ nu inú gíláàsì yẹn mọ́ tónítóní, ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí èémí tètè bò ó, kẹ́ ẹ sì kó kápẹ́ẹ̀tì tútù àti jákẹ́ẹ̀tì tútù kúrò nínú mọ́tò.

Tó bá jẹ́ òtútù ara yín lẹ̀ ń wí, ẹ ra ohun tó ń mú ìjókòó gbóná, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ awọ ìjókòó. Nínú mọ́tò tí ò lórùlé, ènìyàn ni kẹ́ ẹ mú gbóná, ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀.

Ó máa ń rùn sàlẹ́ńsà tí mo bá gbé ìbòrí sókè, orí a sì máa fọ́ mi. Mo máa ń ṣí wíńdò ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè wọlé, kò gbọ́. Ìyàwó mi ní mo kàn ń ṣàwáwí ni. — Orí-fífọ́

Ẹ̀yin yìí, ẹ gbé ìbòrí yẹn sílẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ má sì gbé e sókè mọ́ títí ẹ fi máa rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń tinú sàlẹ́ńsà jáde, ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, àwọn gáàsì tó ń bá a rìn lẹ̀ ń gbóòórùn. Ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí oxygen ṣe ń dì mọ́ ọn lọ, ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ni, téèyàn á máa rí òòyì, tóorun á máa kùn ún nídìí sítíárì. Mi ò ní fi ìyẹn ṣeré.

Wíńdò ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ń ṣí yẹn ló ń dá kún un. Bí mọ́tò bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á já kúrò lára ẹ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ á wá dà bí ibi òfìfo tó ń fa nǹkan mọ́ra, gáàsì sàlẹ́ńsà á máa pòyì níbẹ̀, ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un. Iwájú ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ gbogbo oríkèé páìpù wò bóyá ó ń jò, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnu sàlẹ́ńsà jáde kọjá etí ara mọ́tò, tí kò bá jáde kẹ́ ẹ fi kún un gùn sí i, kẹ́ ẹ wá dí ihò ìdí gíà àti ti pátákó ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo tí gáàsì yẹn bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ gbé e sínú mọ́tò. Tí orí fífọ́ ò bá lọ, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Kí ìyàwó yín náà ka ibí yìí.

Ìbòrí mi ò dé ibi bọ́tìnì mọ́ nígbà òtútù, wíńdò náílọ́ọ̀nù ẹ̀yìn ẹ̀ sì ti pọ́n. — Aṣọ-kúrú

Fáínílì (vinyl), aṣọ oníke tí wọ́n fi ń rán ìbòrí, máa ń súnkì tí òtútù bá mú un, ẹ gbé e sínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ má fagbára fà á ní tútù, á ya. Wíńdò tó ti pọ́n, oòrùn ló ṣe é bẹ́ẹ̀, a lè fi pólíìṣì oníke gbà á díẹ̀, àmọ́ tó bá ti le gbagidi, ẹ jẹ́ kí télọ̀ já a kúrò kó rán tuntun sí i, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra odidi ìbòrí. Lọ́jọ́ iwájú ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ẹ rọra ká a pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ láàárín, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí omi ìnugíláàsì tó ní ammonia kàn án, ì báà jẹ́ ìyẹn, ì báà jẹ́ ìbò ẹ̀gbẹ́ oníke líle.

Mo fẹ́ kan bọ́tìnì ìbòrí mọ́ ara fáíbà, ẹ̀rù ń bà mí kó má sán. — Ọwọ́-ń-gbọ̀n

Ẹ̀rù yẹn dáa. Ẹ gbé ìbòrí sókè lórí irin ẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láàárín iwájú, ẹ lọ sí igun méjèèjì, lẹ́yìn náà àárín ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbẹ̀yìn. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lù, ẹ fi dírílì yí padà sẹ́yìn kó kọ́kọ́ họ awọ dídán orí fáíbà, kó tó wá lù ú síwájú láìfagbára tẹ̀ ẹ́. Kí ihò fẹ̀ ju síkúrúù lọ fín-ínfín-ín, kí wásà tó fẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ara alumíníọ̀mù ni, tí bọ́tìnì sì jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ẹ fi nǹkan sáàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n má fara kanra, torí tómi bá ti dé bá wọn, alumíníọ̀mù ló máa jẹ dànù.

Ṣé àwo oníke tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ wínsíkírín ń ṣiṣẹ́ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó wa? — Aláyé-fẹ́

Ó ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn tó ń gbá yín lọ́rùn, ẹ̀yìn ló ti ń padà wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń gbà kọlu èjìká, àwo yẹn á gba ti ẹ̀gbẹ́, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń na sẹ́yìn ìjókòó á gba ti ẹ̀yìn. Etí nìkan ni wọn ò lè gbà, ẹ ki fóòmù etí bọ̀ ọ́ fún ìrìn tó jìn, níbi tí òfin bá ti gbà yín láàyè.

Tèmi jọ Cobra, sàlẹ́ńsà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ó ti jó ọmọ mi lẹ́sẹ̀. Inú náà ń gbóná. — Ẹlẹ́sẹ̀-jíjó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bo páìpù yẹn, kó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín. Aṣọ tí wọ́n máa ń wé mọ́ páìpù ń dín ooru kù lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń di omi mọ́ irin lára tírin á fi jẹ, mo fẹ́ràn kí wọ́n fi seramíìkì kun páìpù jù ú lọ. Fún inú, ẹ lẹ bébà aláwọ̀ fàdákà tó ń dá ooru padà mọ́ ojú tó kọ sí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, kì í ṣe abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nìkan. Kẹ́ ẹ sì kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pé kó gbé ẹsẹ̀ jìnnà.

Kí ni mo lè fi bo gbogbo mọ́tò tí mi ò bá wà á? — Olùbò

Aṣọ tó ń mí. Tapólì oníke á mú kí ọ̀rinrin ilẹ̀ di omi lábẹ́ ẹ̀, ìjókòó á bu, irin á dípẹtà. Tí mọ́tò bá sì tutù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti òjò dé, ẹ má tíì bò ó, ẹ ṣí ìbòrí sílẹ̀ lórí irin ẹ̀ kó gbẹ tán, kẹ́ ẹ tó ká a.