Ilé yín ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin lókèèrè: ohun tí ẹ lè ṣe sí mọ́gééjì

Ìbéèrè yín ni pé ẹ ní ilé kan ní Manchester tí ẹ ṣì ń san mọ́gééjì rẹ̀ (owó tí ẹ yá ní báńkì láti fi rà á), iṣẹ́ ń gbé ẹ̀yin àti ìyàwó yín lọ sí Kánádà fún bí ọdún mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ fi ayálégbé síbẹ̀ dípò kí ẹ tà á. Ẹ ní àwọn kan ní kí ẹ má wulẹ̀ sọ fún báńkì, pé níwọ̀n ìgbà tí owó bá ń wọlé lóṣooṣù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ti fi ilé wa ní Leeds sílẹ̀ wá sí Calgary, ojú wa sì ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mọ́gééjì tí ẹ fi ra ilé tí ẹ ń gbé, ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ óò máa gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ayálégbé síbẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ ti yẹ àdéhùn, báńkì sì lè ní kí ẹ wá san gbogbo gbèsè tó kù. Ti inṣọ́ránsì tún wà níbẹ̀. Ilé tí onílé ń gbé ni wọ́n ṣe inṣọ́ránsì yín fún. Bí páìpù bá bẹ́ tàbí iná bá ṣẹ́ yọ nígbà tí ayálégbé wà níbẹ̀, wọ́n lè wò yín lójú kí wọ́n ní àwọn kò san. Inṣọ́ránsì onílé tó ń gba ayálégbé ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé òkèèrè lẹ ń gbé.

Àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí ẹ máa lò lọ́hùn-ún. Ní tèmi, ọjọ́ tí fix yín máa parí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn àkókò tí báńkì fi èlé mọ́gééjì yín sójú kan. Ọjọ́ yẹn ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà.

Bí fix yín bá ṣì ní ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, consent to let ni kí ẹ béèrè. Mọ́gééjì yín ò ní yí padà, báńkì á kàn fún yín láṣẹ láti gba ayálégbé. Báńkì kan á gba owó ìwé, òmíràn á fi díẹ̀ lé èlé, òmíràn ò ní gba nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gbèdéke sí i, tó bá sì pé, ẹ óò tún lọ béèrè. Ẹ béèrè kí ẹ tó kó ẹrù, nígbà tí àdírẹ́sì yín ṣì wà ní Ìlú Ọba tí owó oṣù yín sì ń wọ àkáǹtì ibẹ̀. Ẹ má sì gba “kò sí wàhálà” lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí àṣẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti pé báńkì mọ̀ pé ẹ ò ní sí nílùú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá. Báńkì lè gbà kí ẹ fi ayálégbé sílé, kó má gbà pé kí onílé máa gbé òkèèrè.

Bó bá jẹ́ fúláàtì ni, ẹ ka ìwé lease yín, torí ẹni tó ni ilẹ̀ lè ní kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun náà. Ẹni tó bá sì ra tirẹ̀ ní shared ownership, kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ni ìpín tó kù. Wọn kì í sábà gbà.

Ibi tó ti dun àwa jù ni ìgbà tí fix wa parí. Báńkì ní àdírẹ́sì wa ti Calgary lọ́wọ́, síbẹ̀ ilé ti Leeds ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Ayálégbé wa, ọmọlúàbí ènìyàn, ló ya fọ́tò lẹ́tà náà tó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ká bọ́ sórí SVR, ìyẹn èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní fix, tó sì sábà máa ń ga ju fix lọ. A pè wọ́n pé ká mú fix tuntun. Wọ́n ní ètò àwọn kò fàyè gba ẹni tó ń gbé òkèèrè. Wọ́n ń fi òní dónìí, wọ́n ń fi ọ̀la dọ́la, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń san SVR títí búrókà, ẹni tó ń bá ènìyàn wá mọ́gééjì, fi bá wa rí ọ̀nà mìíràn. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò, ẹ bi báńkì yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀: “Bí fix mi bá parí nígbà tí mo wà lókèèrè, ṣé ẹ óò jẹ́ kí n ṣe product transfer?” Product transfer ni kí ẹ mú fix tuntun lọ́dọ̀ báńkì kan náà. Wọn kì í sábà tún yẹ owó tó ń wọlé fún yín wò, ìyẹn ló fi dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní Ìlú Ọba. Bí wọ́n bá ní rárá, tí fix yín sì ti fẹ́ parí, ẹ mú tuntun kí ẹ tó lọ. Ẹ kàn fojú sí owó ìtanràn tó wà fún ẹni tó bá jáde kí fix tó parí. Lórí gbèsè £150,000, ìdá 3 nínú 100 péré jẹ́ £4,500. Ẹni tó bá rò pé òun lè ta ilé náà láàárín ọdún méjì, kó má ki ọrùn bọ fix ọdún márùn-ún.

Bí báńkì yín bá kọ̀ pátápátá pé ẹ ò lè gba ayálégbé, buy-to-let ló kù, ìyẹn mọ́gééjì ilé tí ayálégbé máa gbé. Níbí, rẹ́ǹtì ni wọ́n ń wò jù. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí ìdá 25 nínú 100 ó kéré tán nínú iye ilé náà ti jẹ́ tiyín. Wọ́n á wá ṣírò èlé lórí ìwọ̀n tó le ju èyí tí ẹ máa san gan-an lọ, ká ní ìdá 5.5 nínú 100 lọ́dún. Lórí £150,000, ìyẹn jẹ́ £8,250 lọ́dún, tàbí £687.50 lóṣù. Báńkì tó bá fẹ́ kí rẹ́ǹtì tó ìdá 125 nínú 100 èlé yìí, rẹ́ǹtì yín gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí £860 lóṣù. Èyí tó bá ń béèrè ìdá 145, ó ti di nǹkan bí £997. Ẹ bi agẹ́ńtì àdúgbò ní iye tí ilé yín lè mú wá kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì jẹ́ kí búrókà mọ̀ pé ẹ ti gbé inú ilé yìí rí, torí ó lè bọ́ sábẹ́ consumer buy-to-let, èyí tó wà fún ẹni tí kì í fi ilé ṣòwò, tí òfin ti ń bójú tó láti ọdún 2016.

Tí ẹ bá ti dé òkèèrè kí ẹ tó máa wá a, expat buy-to-let, ìyẹn ti ẹni tó ń gbé òkèèrè, lẹ óò máa wá. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀, èlé rẹ̀ sábà máa ń ga, wọ́n sì máa ń wo orílẹ̀-èdè tí ẹ wà àti irú owó tí wọ́n fi ń san yín. Ẹ má ti àkáǹtì yín ní Ìlú Ọba pa, láéláé. Nígbà tí a ń ṣe tiwa, gbogbo ìwé ni nótárì ní láti jẹ́rìí sí, páálí ìrìnnà wa àti ìwé iná tó fi ibi tí à ń gbé hàn. Lẹ́tà ibiṣẹ́ ọkọ mi kò ní déètì, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ní ti owó orí, ẹni tó bá ti kúrò ní Ìlú Ọba fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí agẹ́ńtì máa yọ ìdá 20 nínú 100 rẹ́ǹtì rẹ̀, lẹ́yìn ìnáwó ilé, fún HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìlú Ọba. Bí kò bá sí agẹ́ńtì, ayálégbé tó ń san ju £100 lọ lọ́sẹ̀ ló máa yọ ọ́. Ẹ fi fọ́ọ̀mù NRL1, èyí tó wà fún onílé tó ń gbé òkèèrè, ránṣẹ́ sí HMRC kí wọ́n lè máa san rẹ́ǹtì yín pé láìyọ nǹkan kan. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ò sọ pé ẹ ò ní san owó orí o, ẹ óò ṣì máa ṣe self assessment lọ́dọọdún, ìyẹn kí ẹ fúnra yín kéde owó tó wọlé fún HMRC. Ojú ewé SA109 tí ẹni tó ń gbé òkèèrè máa ń fi kún un kò sí lórí ìkànnì ọ̀fẹ́ HMRC, nítorí náà ẹ máa nílò sọ́fítíwià tàbí akáńtáǹtì. Bó bá jẹ́ pépà, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni òpin rẹ̀, kì í ṣe 31 oṣù Kìíní. Láti oṣù Kẹrin 2020, ẹ ò lè yọ èlé mọ́gééjì kúrò nínú rẹ́ǹtì mọ́ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Àdínkù owó orí tó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 èlé náà ni wọ́n ń fún yín. Ẹ óò sì kéde rẹ́ǹtì yìí ní Kánádà pẹ̀lú, torí owó tó wọlé láti ibikíbi láyé ni wọ́n ń kà fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ní ti pípadà sílé yín, ẹ má fi oṣù kan sọ́kàn. Lábẹ́ òfin Renters' Rights Act 2025, Section 21, tó ń jẹ́ kí onílé lé ayálégbé láìsọ ìdí, kò sí mọ́ ní England láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2026. Onílé tó bá fẹ́ padà wá gbé ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní oṣù mẹ́rin, kò sì lè fi ìdí yìí lé e jáde láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ tó fi gba ilé. Bí ọmọ yín bá máa wọ iléèwé ní oṣù Kẹsàn-án, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ayálégbé kí oṣù Kẹrin tó parí.

Ẹ sọ ọjọ́ tí fix yín máa parí àti iye gbèsè tó kù fún wa, bí ẹ ò bá kọ̀. Mo lè sọ èyí tó bá yín mu jù nínú gbogbo rẹ̀.