Kì í ṣe ìgbàgbé ló ń ṣe é, ìwé náà ni kò yé e

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Ṣàgámù ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JSS 2. Tó bá gbé ìwé Litíréṣọ̀ rẹ̀, á kà á geere bí ẹni mu omi, àmọ́ bí wọ́n bá ti bi í ní ìbéèrè báyìí, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta oògùn ìsọ̀yè onígo fún wa ní ₦18,000, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọpọlọ rẹ̀ á là. Ṣé kí n rà á? Báwo la sì ṣe lè mú kó fẹ́ràn ìwé kíkà?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ìbéèrè lórí ìsọ̀yè onígo yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú mi sì ń bàjẹ́, torí owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ìwé fọ́mọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn òbí. Bí nọ́ńbà NAFDAC bá tilẹ̀ wà lára ìgò náà, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ọmọ tó bá mu ún á mọ̀wé. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì bá ẹni tó mọ ewé àti egbò jà. Iṣẹ́ tèmi ni ìwé kíkà, ohun tí mo sì mọ̀ nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ní ó ti gbàgbé. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í. Owó tí kò wọ àpò, ṣé a lè sọ pé ó jábọ́? Ìtàn náà ò wọ inú ọmọ yín rárá, ká tó wá sọ pé ó gbàgbé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń kàwé.

Gbogbo wa ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú la ti rí ọmọ ilé kéwú tó ń ka Àlùkùránì já geere, tí ohùn rẹ̀ dùn, tí kò ṣi lẹ́tà kan pè. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wa ń sọ pé ọmọ náà ti gbọ́ Lárúbáwá? Rárá o. A mọ̀ pé ó di ìgbà tí ààfáà bá jókòó, tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ bá ti lè kà á sókè, a máa ń pàtẹ́wọ́ pé ó ti mọ̀wé? Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. A ó ní kí Ṣadé dìde kó ka ìpínrọ̀ kan, kí Wálé ka èkejì, títí aago á fi lù, a ó wá ní a ti kọ́ wọn ní Litíréṣọ̀.

Yorùbá tiẹ̀ ti yà á sọ́tọ̀ fún wa: kíkà wà, àkàyé wà. Ní 1986, Gough àti Tunmer, àwọn onímọ̀ méjì, ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ méjì ni ìwé kíkà fi ń rìn, kí èèyàn lè pe ohun tí wọ́n kọ, kó sì lóye èdè náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá fi òdo sọ nọ́ńbà di púpọ̀.

Sátidé kan, ọmọdébìnrin kan jókòó síwájú mi níbi lẹ́sìn tí mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ka odindi ojú ewé kan, kò kọsẹ̀. Nínú ìtàn náà, ìyàwó kan ń di ẹrù láti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú míì, òǹkọ̀wé sì lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún bó ṣe ń di ín. Mo bi í pé, "Ṣé inú obìnrin yìí dùn sí ìrìn àjò náà?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń dẹrù." Mo fi ìka sí ọ̀rọ̀ náà. Ó tún un pè, ó pè é dáadáa. Mo ní, "Ó túmọ̀ sí pé ó ń lọ́ tìkọ̀." Ojú rẹ̀ là. "Háà! Bíi ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí wa l'Ékòó!" Èmi ò ní kó padà sínú ìwé o, òun fúnra rẹ̀ ló padà, ó sì fi ibi méjì hàn mí tí obìnrin náà ti ń fi àkókò ṣòfò: ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó tún ń fún adìyẹ lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Litíréṣọ̀ nìyẹn. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ohun tọ́mọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi ń lóye ohun tó ń kà. Ní Amẹ́ríkà ní 1988, wọ́n fún ọmọ 64 tí wọ́n tó ẹgbẹ́ JSS wa ní ìtàn kan kà nípa bésíbọ́ọ̀lù. Àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀ nípa eré náà lóye ìtàn náà ju àwọn tó mọ̀wé kà tí wọn ò mọ̀ nípa eré náà lọ. Torí náà, ẹ wá ìwé tó kan ayé rẹ̀ fún un ná. Ẹ fún ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìtàn nípa Ojúde Ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń bọ̀ wá kí Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó rí i pé "ọpọlọ" tí wọ́n ní kò là yẹn á là.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é nílé? Àwọn onímọ̀ méjì míì, Palincsar àti Brown, gbé ọ̀nà kan jáde ní 1984, àwọn ọmọ kíláàsì keje tó ń kàwé já ṣùgbọ́n tí kò yé wọn ni wọ́n sì fi dán an wò, irú ọmọ yín gẹ́lẹ́. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan, ẹ dúró. Kí ọmọ bi yín ní ìbéèrè nínú rẹ̀, bíi tíṣà. Kó sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Kó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kó wá sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà di tíṣà. Ẹ jẹ́ kó já yín nírọ́, kó bá yín jiyàn, ọmọ ọdún 12 fẹ́ràn iyàn jíjà ju oúnjẹ lọ. Tó bá jẹ́ eré onítàn ni, ẹ dìde ṣe é.

Ní Yorùbá ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́ o, bí ìwé tiẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó ìtanràn "fanákúlà" tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nílé ìwé dẹ́rù bà yín. Láti 1970 ni onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mi ò tíì rí ọmọ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àyẹ̀wò. Bó bá ń fún ojú pọ̀ tó bá ń wo pátákó, tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tí a kì í pè é kó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ojú àti etí rẹ̀. Tí sáà kan bá kọjá tẹ́ ẹ ti ń ṣe ohun tí mo sọ yìí, tí ìyàtọ̀ kankan ò sí, ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún.

Ní ti ₦18,000 yẹn, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ra ìwé ìtàn kan náà ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan ti yín, ọ̀kan tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ojú ewé méjì péré, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ béèrè.