Kí ló dé tí ọmọ kòkó mi ń gbẹ tó bá ti dóko?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ kòkó tí mo gbìn sínú ọ̀rá máa ń dáa, ewé ẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ tí mo bá ti kó o lọ sóko, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó lọ, ìdajì á ti gbẹ. Mo máa ń yan erùpẹ̀ ẹ̀ lórí iná kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú, mo sì ń fún un ní fàtíláísà dáadáa. Kí ló ń fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, bàbá. Iná yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó ń pa ọ̀rẹ́ kòkó mọ́ ọn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà nínú ilẹ̀, ìbátan olú ni, àmọ́ kì í yọrí síta bí olú, inú gbòǹgbò ló ń wọ̀ tí á wá na òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sínú erùpẹ̀, ibi tí gbòǹgbò ò lè dé ló ti ń fa omi àti fọsifọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ inú ilẹ̀ kan tí igi nílò, wá fún igi, igi náà á sì fún un ní ṣúgà tí ewé ẹ̀ sè. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì ò kì í rìn nínú ilẹ̀ bíi ti yùríà o, ojú kan ló ń jókòó sí, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá gùn ló máa bù ú.

Tí fàtíláísà bá wá pọ̀ jù nínú ọ̀rá, igi ò ní gba fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn láyè mọ́. Ó ń yó nínú ọ̀rá, ó wá dóko, kò sẹ́ni tó máa bá a fa omi.

Ní Puẹto Ríkò, erékùṣù kan lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbin igi páìnì tí kò ṣe dáadáa, àfìgbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ abẹ́ páìnì wá láti North Carolina ní Amẹ́ríkà ní 1955, tòun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ti páìnì yàtọ̀ sí ti kòkó ṣá, ti kòkó wà nínú igbó tiwa níbí.

Torí náà ẹ bu ilẹ̀dú lábẹ́ igi ńlá nínú igbó, òkè òkè ni kẹ́ ẹ bù, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà, ẹ má sá a sóòrùn, páànù kan sí páànù erùpẹ̀ mẹ́ta lèmi máa ń pò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú lábẹ́ kòkó tí èso ẹ̀ ń dúdú tó ń rà, àrùn yẹn ń gbénú ilẹ̀. Ẹ ṣì máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ìbòòji o.

Lọ́dún yìí, ẹ fi ilẹ̀dú gbin 20, ẹ gbin 20 bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ so okùn pupa mọ́ ti ilẹ̀dú, tójò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ kẹ́ ẹ lọ ka èyí tó ṣẹ́ kù.