Ó ti rẹ̀ mí nínú iṣẹ́ Olúwa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù, mo tún wà nínú kwáyà, àmọ́ àdúrà gan-an ti wá ń sú mi, àbí ìgbàgbọ́ mi ti kú ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ó kàn rẹ̀ yín ni. Ẹ ka 1 Ọba 19, Èlíjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe iná sọ̀kalẹ̀ ló lọ jókòó sábẹ́ igi, tó sì ní kí Ọlọ́run jẹ́ kóun kú, áńgẹ́lì ò sì wàásù fún un o, oúnjẹ àti omi ló gbé fún un, ó jẹ, ó tún padà sùn. Ẹ bá pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ná (tó bá jẹ́ èmi ni, kwáyà ni).